AEM X-Series àti sẹ́ńsọ̀ Bosch LSU 4.9: èéfín ló ń kà, kì í ṣe epo

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo geéjì AEM X-Series yìí lórí mọ́tò mi, mo ti yọ sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ mo ti tún un dè padà, mo ti gbé e sórí mọ́tò àwọn ọ̀rẹ́ mi láti fi wá àìsàn inú ẹ́ńjìnnì tiwọn, nítorí náà mo rò pé mo lè sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ báyìí láìfi kún un láìyọ kúrò. Ọjà gidi ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tètè sọ eléyìí: ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bú irú geéjì yìí pé irọ́ ló ń pa, kò parọ́ fún wọn o, ohun tí wọ́n rò pé ó ń sọ fún wọn kọ́ ló ń sọ. Wọ́n rò pé epo ló ń wọ̀n. Kò wọn epo rí. Ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù nínú èéfín lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti jó epo tán ló ń wọ̀n, ibẹ̀ ló ti wá ń ṣírò pé báyìí ni afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ ju epo lọ. Tẹ́ ẹ bá fi èyí sọ́kàn, geéjì yìí á sọ òótọ́ fún yín títí, tẹ́ ẹ bá sì gbàgbé ẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ nǹkan tí ò bàjẹ́.

Ohun tó wà nínú páálí ẹ̀ ò pọ̀. Geéjì fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀, mílímítà 52, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ihò geéjì máa ń jẹ́, sẹ́ńsọ̀ Bosch LSU 4.9 wà níbẹ̀, wáyà tó so méjèèjì pọ̀ náà wà, àti irin róbótó kan tí wẹ́dà máa jó mọ́ páìpù sàlẹ́ńsà kí sẹ́ńsọ̀ lè rí ibi dè mọ́. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí sẹ́ńsọ̀ yẹn, inú geéjì gan-an ni wọ́n kó o sí, kò sí páálí kejì tẹ́ ẹ máa wá ibi fi há sí lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn sì dùn mọ́ mi nínú gan-an torí pé bí wáyà bá ṣe ń pọ̀ ni ibi tó lè já ṣe ń pọ̀. Nọ́ńbà ńlá wà láàárín, iná kéékèèké sì yí i ká tó ń sáré tẹ̀ lé e, ojú èèyàn ò ní láti dúró lórí ẹ̀ pẹ́ kó tó mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, torí pé ojú ọ̀nà ló yẹ kí ojú awakọ̀ wà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí pé, ṣebí mọ́tò ti ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tiẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí la tún fẹ́ fi òmíì ṣe? Òótọ́ ni, ó ní. Bosch ti ń ṣe irú ẹ̀ láti ọdún 1976, Volvo ló sì kọ́kọ́ gbé e sínú mọ́tò tí wọ́n ń tà fáwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n irú ti àtijọ́ yẹn, tó ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ mọ́tò, ìbéèrè kan ṣoṣo ló lè dáhùn: ṣé epo ló pọ̀ jù àbí afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù. Tí epo bá pọ̀ á gbé iná tó tó nǹkan bíi 0.9 fóòtì (volt) jáde, tí epo bá kéré á já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 0.1, ní àyíká 0.45 ló ti máa ń fò látọ̀kan sí èkejì, fífò yẹn sì yá débi pé kò sí bó ṣe lè sọ fún yín bóyá epo fi díẹ̀ pọ̀ ni àbí ó fi púpọ̀ pọ̀. Ìyẹn tó brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, tí mọ́tò bá ń lọ jẹ́jẹ́, torí pé ohun tó ń wá nígbà yẹn ò ju kó máa rọ̀gbà yí 14.7 ká, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ kílò 14.7 sí epo kílò 1 (bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń kéré sí i ni epo ń pọ̀ sí i), ibẹ̀ ni catalytic converter, ohun tó ń fọ èéfín nínú sàlẹ́ńsà, ti lè fọ èéfín olóró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀. Wàyí o, tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá kí mọ́tò lè sáré ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì á fẹ́ epo púpọ̀ ju ti 14.7 lọ nígbà yẹn, kó lè ní agbára kí inú ẹ̀ sì tutù díẹ̀, brain box á dijú sí sẹ́ńsọ̀ kékeré yẹn, á kàn máa da epo sílẹ̀ níbàámu pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni pístìnì máa ń yọ́ tí epo ò bá tó. Sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ ò sì lè fìyàtọ̀ tó ṣeé gbára lé sáàárín 13 àti 11 hàn yín.

LSU 4.9 ò ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀ ni yàrá kékeré kan wà tí èéfín ń gba ojú ihò tín-ín-rín wọ̀. Apá kan ń wo ọ́síjìn inú yàrá yẹn bíi ti sẹ́ńsọ̀ àtijọ́, apá kejì ń ṣe iṣẹ́ páǹpù, iná mànàmáná ló fi ń fa ọ́síjìn jáde tàbí tó fi ń tì í wọlé. Iṣẹ́ tí geéjì ń ṣe ni kó máa rí i pé yàrá yẹn wà lójú 0.45 fóòtì yẹn nígbà gbogbo. Tí ọ́síjìn bá pọ̀ nínú èéfín tó wọlé, páǹpù á fà á jáde, tí kò bá tó, páǹpù á ti òmíì wọlé, bí iná tí páǹpù lò ṣe pọ̀ tó àti apá ibi tó ń tì í sí ni geéjì wá ń sọ di nọ́ńbà fún yín. Ìdí nìyẹn tó fi lè sọ pé 11.8 ni, tàbí 13.1, tàbí 15.6, kò ní kàn sọ pé ó pọ̀ tàbí ó kéré. Gbogbo èyí ò ṣeé ṣe àfi tí sẹ́ńsọ̀ bá gbóná dé nǹkan bíi 780 dígírì Sẹ́lsíọ̀sì, èéfín nìkan ò lè gbé e débẹ̀ kó sì dúró síbẹ̀, nítorí náà wọ́n ti fi ohun tó ń mú un gbóná sínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí mọ́tò, ẹ fún un láyè díẹ̀ kó gbóná kẹ́ ẹ tó gba ohunkóhun tó bá sọ gbọ́.

Nǹkan kan tó mú kí n yan X-Series ni pé kò sí pé à ń yọ sẹ́ńsọ̀ síta lọ gbà á sínú afẹ́fẹ́ ká tó lè lò ó. Àwọn geéjì kan wà tó jẹ́ pé ẹ máa kọ́kọ́ gbé sẹ́ńsọ̀ wọn sí gbangba kí wọ́n kọ́ bí afẹ́fẹ́ lásán ṣe rí, ẹ ó sì máa tún un ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Bosch ti wọn LSU 4.9 kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́, wọ́n sì fi ìṣirò tirẹ̀ sínú orí wáyà ẹ̀, résísítọ̀ kékeré kan ni, AEM sì gbára lé e. Ẹ má gé orí wáyà yẹn o! Mo rí èèyàn tó fẹ́ fa wáyà náà gùn, tó gé orí ẹ̀ dànù tó sì fi ti sẹ́ńsọ̀ míì sí i, tó wá ń ráhùn pé nọ́ńbà ò pé. Kò lè pé. Orí wáyà yẹn àti sẹ́ńsọ̀ ẹ̀, wọn ò ṣeé yà.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró lé díẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń dè é, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ kí wọ́n tó lò ó rárá. Òkè páìpù sàlẹ́ńsà ló yẹ kí sẹ́ńsọ̀ wà, kò gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sùn gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fojú inú wo páìpù yẹn bí ojú aago, àárín aago 10 sí aago 2 ni kẹ́ ẹ fi sí. Ìdí ẹ̀ ni omi. Tí mọ́tò bá tutù tẹ́ ẹ wá ṣí i, omi máa ń kóra jọ sínú sàlẹ́ńsà, inú sẹ́ńsọ̀ sì jẹ́ amọ̀ líle bíi tánganran tó ti gbóná dé ojú ẹgbẹ̀rin dígírì, ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bá bà á, ó ti sán nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gbé e sókè tó dorí kodò, omi á ṣàn kúrò lára ẹ̀. Ìdí yìí kan náà ló fi yẹ kí iná ẹ̀ wá láti ibi tó jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí ẹ́ńjìnnì ni iná máa dé, ẹ má jẹ́ kó wà lórí iná fún wákàtí gbọọrọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́. Ìdàkejì ẹ̀ náà burú: sẹ́ńsọ̀ tẹ́ ẹ dè mọ́ sàlẹ́ńsà tí kò sì níná, tẹ́ ẹ wá ń wa mọ́tò kiri, èéfín dúdú á lẹ̀ mọ́ ọn lójú kò sì ní rí ooru tó lè fi jó o kúrò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ geéjì fún ìgbà díẹ̀, ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ náà kẹ́ ẹ sì fi bọ́ọ̀tì dí ojú ihò.

Ó yẹ kó jìnnà sí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pẹ̀lú, nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 60 sí mítà 1 sí ẹnu ọ̀nà èéfín ṣe dáadáa lórí ọ̀pọ̀ mọ́tò. Tó bá sún mọ́ ọn jù á gbóná kọjá bó ṣe yẹ, èéfín tó bá kọjá nǹkan bíi 930 dígírì fún ìgbà pípẹ́ ò dáa fún un. Tí mọ́tò bá ní tọ́bò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí kó lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn tọ́bò ni kẹ́ ẹ fi sí, ẹ má fi síwájú ẹ̀, nítorí ooru àti nítorí pé èéfín tó há síwájú tọ́bò máa ń ti sẹ́ńsọ̀ lágbára ju bó ṣe yẹ lọ, nọ́ńbà á sì máa yí. Kó wà ṣáájú catalytic converter, torí pé ìyẹn ń lo ọ́síjìn, ohun tó bá jáde lẹ́yìn ẹ̀ kì í ṣe ohun tó jáde nínú ẹ́ńjìnnì mọ́. Àwọn tó máa ń ki sẹ́ńsọ̀ bọ ẹnu sàlẹ́ńsà lẹ́yìn mọ́tò kí wọ́n má bàa pe wẹ́dà, mo gbọ́ tiyín, mo mọ̀ pé ó rọrùn, àmọ́ tí mọ́tò bá dúró sójú kan láìtẹ iná, afẹ́fẹ́ ìta máa ń yọ́ wọ ẹnu páìpù yẹn, geéjì á sì máa sọ pé epo kéré nígbà tí epo pé pérépéré.

Òwú ìdè ẹ̀, ìyẹn ojú ìlà tó ń yí bíi ti bọ́ọ̀tì, jẹ́ M18 × 1.5, kan náà pẹ̀lú ti ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, spánà 22 ló ń dè é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi gírísì tí ò jẹ́ kó lẹ̀ sí i, ojú òwú nìkan o, kò gbọ́dọ̀ kan orí ẹ̀ tó wọ inú páìpù.

Wáyà iná ẹ̀ kò le, pupa sí iná, dúdú sí ilẹ̀ (ground), kí fíúsì wà láàárín. Ilẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú ní pàtàkì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ so geéjì mọ́ brain box tàbí mọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣàkọsílẹ̀, X-Series ní wáyà kan tó ń gbé 0 sí 5 fóòtì jáde, 0.5 fóòtì túmọ̀ sí 8.5, 4.5 fóòtì sì túmọ̀ sí 18, ìyẹn ni pé ẹ fi 2.375 ṣe ìlọ́po fóòtì kẹ́ ẹ wá fi 7.3125 kún un. Ẹ wò ó dáadáa, tí ilẹ̀ geéjì bá wà níbì kan tí ilẹ̀ brain box sì wà níbòmíì, tí ìyàtọ̀ bíi 0.1 fóòtì péré wà láàárín wọn, nọ́ńbà tó wà lójú geéjì àti èyí tó wà nínú àkọsílẹ̀ á fi 0.2 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀. Lórí mọ́tò tó ní tọ́bò 0.2 kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹ kó ilẹ̀ méjèèjì lọ sójú kan náà, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà méjèèjì wéra kẹ́ ẹ tó gbára lé àkọsílẹ̀ kankan. Ó ní wáyà CAN náà, èyí tí àwọn kọ̀ǹpútà inú mọ́tò fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, fún brain box tó bá gbọ́ èdè ẹ̀, ìyẹn ò ní wàhálà fóòtì àti ilẹ̀ yìí nínú rárá, tí tiyín bá lè gbà á, òun ni kẹ́ ẹ lò.

Ó ti wà lórí mọ́tò báyìí, kí ló yẹ kẹ́ ẹ máa rí? Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí tó tutù, epo á pọ̀, 12 sí 13, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá gbóná tán tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ tàbí tó ń lọ lójú ọ̀nà láìsí wàhálà, á máa lọ á máa bọ̀ ní àyíká 14.7, lílọ bíbọ̀ yẹn kì í ṣe àìsàn, brain box ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ iná mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí ò ní tọ́bò á wálẹ̀ sí 12.5 sí 13, èyí tó ní tọ́bò á wálẹ̀ dé 11 àti ààbọ̀ sí 12. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná pátápátá lórí eré, nọ́ńbà á fò kọjá 18, geéjì ò ní rí nǹkan kan sọ mọ́, àwọn ẹlòmíì máa ń fòyà síyẹn, brain box ló ti epo pa nítorí pé ẹ ò bèèrè agbára, afẹ́fẹ́ lásán ló ń gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni kẹ́ ẹ tẹ iná mọ́lẹ̀ kí nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti 12, kó wá máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí sí i, 12.4, 12.9, 13.5. Páǹpù epo ti ń rẹ̀ nìyẹn tàbí fílítà epo ti dí, epo tó tó nísàlẹ̀ ò tó lókè. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójú ẹsẹ̀. Geéjì yìí ti gba ẹ́ńjìnnì mi lọ́wọ́ irú ẹ̀, fílítà epo ló dí, mọ́tò ò tíì jẹ́kì, iná check engine ò tan, nọ́ńbà yẹn nìkan ló sọ fún mi.

Wàyí, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ọ́síjìn. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé mọ́tò ẹ̀ wá, sílíńdà 4 ni, ó ń gbọ̀n tó bá dúró sójú kan, ó sì ń mu epo bí omi. A so geéjì mọ́ ọn, geéjì ní 16 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, epo kéré. Mẹkáníìkì tó wà pẹ̀lú wa ní kí wọ́n wá nọ́sù, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, tó gbòòrò sí i, pé ebi epo ló ń pa ẹ́ńjìnnì. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo plọ́ọ̀gì." A yọ wọ́n, mẹ́ta gbẹ wọ́n sì mọ́, ti sílíńdà kẹta rin gbindin, epo ń kán lára ẹ̀. Geéjì ń sọ pé epo kéré, plọ́ọ̀gì ń sọ pé epo ti bo òun mọ́lẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì parọ́. Kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì yẹn níná ló ti kú. Epo wọlé, afẹ́fẹ́ wọlé, iná ò tàn, nítorí náà gbogbo ọ́síjìn tó wọ sílíńdà yẹn tún jáde bó ṣe wọlé, sẹ́ńsọ̀ rí ọ́síjìn púpọ̀ nínú èéfín, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ibi tó ti le jù ni pé sẹ́ńsọ̀ àtilẹ̀wá mọ́tò náà rí nǹkan kan náà, brain box wá ń da epo kún epo sínú gbogbo sílíńdà, ìyẹn ni mọ́tò fi ń mu epo. Kọ́ìlì tuntun, ó parí. Ká ní nọ́sù ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n ì bá pa catalytic converter mọ́ ọn, torí pé epo tí ò jó tó bá débẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa jó, ooru ẹ̀ sì ń yọ́ inú catalytic náà.

Ojú ibi tí sàlẹ́ńsà ti lu náà máa ń ṣe irú ẹ̀. Tí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti jó níwájú sẹ́ńsọ̀, tàbí tí páìpù ti sán, ẹ máa rò pé èéfín nìkan ló ń jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín kì í ṣàn bí omi ẹ̀rọ, títì ló ń tì ní ìlù ní ìlù, láàárín ìlù kan sí èkejì ihò yẹn á fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Geéjì á ní epo kéré. Á burú jù tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, á sì dín kù tẹ́ ẹ bá tẹ iná. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí afẹ́fẹ́ bá ń jò wọ mànífóòdù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, bó ṣe máa rí náà nìyẹn, epo á kéré tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, á sì dáa tẹ́ ẹ bá tẹ iná. Bí mo ṣe ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé mo kọ́kọ́ máa ń wo sàlẹ́ńsà nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, mo fetí sílẹ̀, mo wá èéfín dúdú lójú ibi tí wọ́n ti de páìpù mọ́ra. Tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, mo lọ sí mànífóòdù àti àwọn rọ́bà kéékèèké tó so mọ́ ọn.

Síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí brain box mọ̀, wúlò gan-an pẹ̀lú geéjì yìí, ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Gbogbo mọ́tò tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú OBD-II, ihò tí wọ́n ń ki síkánà bọ̀, ẹ lè ka fuel trim níbẹ̀, ìyẹn ni iye epo tí brain box ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò. Ẹ gbọ́ o, tí geéjì bá ní 14.7 tí fuel trim sì wà ní +20%, mọ́tò yẹn ò dá pé, brain box ló ń ti epo kún un kí nọ́ńbà lè dára. Geéjì ń sọ ibi tẹ́ ẹ wà, fuel trim ń sọ iye iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Tí kódù P0171 bá jáde, pé epo kéré, èèyàn púpọ̀ máa ń sáré pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ ló ṣe, òun ló rí i tó sì sọ. Ẹ wo sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ lẹ́yìn fílítà bóyá ó ti dọ̀tí, ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò, ẹ wọn agbára páǹpù epo.

Ọ̀rọ̀ 14.7 yẹn náà ń da èèyàn láàmú. Sẹ́ńsọ̀ ò mọ irú epo tẹ́ ẹ rà. Lambda ló mọ̀, lambda 1 ni pé epo àti ọ́síjìn jó tán láìṣẹ́kù, geéjì wá fi 14.7 ṣe ìlọ́po ẹ̀. Lórí epo tí wọ́n da ẹ̀tánọ́ọ̀lù ìdá mẹ́wàá sí, ojú pípé gan-an jẹ́ nǹkan bíi 14.1, lórí E85 ó jẹ́ nǹkan bíi 9.8, geéjì á ṣì kọ 14.7 fún méjèèjì, ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹ lè yí X-Series sí lambda, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń yí epo padà, 1.00 ni pípé, 0.85 ni epo pọ̀, kò sí ìṣirò kankan tẹ́ ẹ máa máa rò lórí eré.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn tó? Sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ń ka sílíńdà mẹ́rin pa pọ̀, tí nọ́sù kan bá ti dí tí mẹ́ta yòókù sì ń da epo tó pọ̀ díẹ̀, àpapọ̀ wọn lè jẹ́ 12.3 tó rẹwà lójú nígbà tí sílíńdà kan ń jóná lọ. Kò sí geéjì kankan tó máa gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn, plọ́ọ̀gì ni kẹ́ ẹ máa yọ wò. Èkejì, sẹ́ńsọ̀ yìí máa ń tán. Epo tó ní lẹ́ẹ̀dì máa ń pa á kíákíá, ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì máa ń pa á, omi rédíétọ̀ tó bá ń jò wọ sílíńdà máa ń pa á, sílíkóònù tí mẹkáníìkì fi ń lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì náà ń pa á tí kì í bá ṣe irú èyí tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé kò lè ṣe sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ní nǹkan kan. Tó bá ń kú lọ, kì í dákẹ́, ńṣe ló ń lọ́ra, nọ́ńbà tó ń fò tẹ́lẹ̀ á wá máa rìn.

Tí mọ́tò yín bá wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, tí ẹ ò fi tọ́bò sí i, tí ẹ ò yí nǹkan kan nínú brain box, ẹ má ra eléyìí, síkánà tó ń ka fuel trim ti tó yín. Tó bá jẹ́ pé kabúrétọ̀ lẹ ní, tẹ́ ẹ sì ń pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, tàbí ẹ fẹ́ kọ ètò tuntun sínú brain box, tàbí ẹ ti fi tọ́bò sí ẹ́ńjìnnì tí kò ní in tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tiẹ̀ má tíì ṣí ẹ́ńjìnnì yẹn títí tẹ́ ẹ fi máa de sẹ́ńsọ̀ yìí mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá sì ń wá sẹ́ńsọ̀ mìíì fi rọ́pò, LSU 4.9 ni kẹ́ ẹ bèèrè, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi LSU 4.2 rọ́pò ẹ̀ fún yín, orí wáyà wọn yàtọ̀, bí geéjì ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ayédèrú ẹ̀ pọ̀ lọ́jà, mo rí ọ̀kan tí páálí ẹ̀ dára ju ti gidi lọ. Kẹ́ ẹ tó dè é mọ́ sàlẹ́ńsà, ẹ so ó mọ́ geéjì, ẹ fi kọ́ sí afẹ́fẹ́ gbangba tí kò sí èéfín tàbí epo nítòsí, ẹ ṣọ́ra torí ó máa gbóná débi tó lè jó ọwọ́, ẹ jẹ́ kó gbóná tán. Afẹ́fẹ́ lásán ní ọ́síjìn tó tó 20.9%, nítorí náà geéjì gbọ́dọ̀ lọ dé òpin apá ibi tí epo ti kéré kó sì dúró síbẹ̀ láìmì. Èyí tó bá ń jó lọ jó bọ̀ níbẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.